Láti Ruginoasa dé yàrá 73: àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò ọjọ́ méje ní Ròmáníà

Ọjọ́ kìíní, Àbámẹ́ta. Iași

Oòrùn ti ń wọ̀ kí bàálù wa láti London tó balẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi ò sọ̀rọ̀ mọ́ látìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí iná ìlú nísàlẹ̀. Ṣe ni wọ́n gbé iwájú lé gíláàsì fèrèsé. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ níbí, láti 1982 sí 1988. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà pọ̀ ní àwọn yunifásítì Ròmáníà nígbà náà. Ceaușescu tó ń ṣèjọba ń wá ọ̀rẹ́ kiri ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì ń wá owó ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn òbí tiwa náà ń wá ibi tí owó ilé-ìwé ò ti ní wọ́n lọ́rùn jù.

Èmi ò gbé ibẹ̀ rí. Ìtàn ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé girama ní London. Mò ń kàwé lọ́jọ́ kan nípa àwọn oníṣòwò Genoa tí wọ́n ń ná ọjà Òkun Dúdú láyé àtijọ́, orúkọ kan ò sì yéé yọjú nísàlẹ̀ ojú ìwé: Gheorghe I. Brătianu. Mo tọ orúkọ náà lọ. Mo rí i pé òpìtàn ni, pé olóṣèlú ni, pé inú ẹ̀wọ̀n ìjọba kọ́múnísì tó wà ní ìlú Sighet ló kú sí ní 1953 láìjẹ́ pé wọ́n gbé e dé iwájú adájọ́ kankan. Mo pe Bọ̀ọ̀dá lórí fóònù.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ mọ̀ nípa Gheorghe Brătianu?"

"Ta ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"

Mo ní yunifásítì Iași ló ti ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Iași wo? Iași tèmi?" Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé wa dé ibí.

A jẹ sarmale lálẹ́: ìrẹsì àti ẹran tí wọ́n fi ewé kábéèjì kíkan wé, pẹ̀lú mămăligă, ìyẹn túwó àgbàdo ní èdè tiwa. Bọ̀ọ̀dá jẹ tiwọn tán, wọ́n tún jẹ nínú tèmi.

Ọjọ́ kejì, Àìkú. Ruginoasa àti Iași

A wọ ọkọ̀ ojú irin àárọ̀. Abúlé ni Ruginoasa, ààfin kan tí fèrèsé rẹ̀ ṣe ṣóńṣó sókè sì dúró láàárín àwọn igi ńlá. Níbí ni wọ́n ti bí Gheorghe Brătianu ní oṣù Kìíní 1898.

Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe bí i kò ní mọ ìdí tó fi di ohun tó dà. Ààfin yìí ti jẹ́ ti Alexandru Ioan Cuza, ẹni tí àwọn ará Moldavia àti àwọn ará Wallachia jọ yàn ní 1859 tí ilẹ̀ méjèèjì fi di ọ̀kan, tí wọ́n sì fipá yọ lórí oyè ní 1866. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ Maria Moruzi, ó kú lọ́dọ̀ọ́, opó rẹ̀ sì jogún ilé. Opó yìí ni Ion I. C. Brătianu bá pàdé. Ọmọ olórí ìjọba ni Ion, òun náà sì di olórí ìjọba lẹ́ẹ̀marùn-ún nígbà tó yá. Oyún dé. Wọ́n ṣègbéyàwó kí ọmọ lè ní orúkọ bàbá, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi kọ ara wọn. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọ náà dàgbà sí, nínú ilé tí orúkọ Cuza wà lára gbogbo ògiri, nígbà tí orúkọ Brătianu wà lára òun fúnra rẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá dúró síwájú àwòrán Cuza. "Inú ìtàn gan-an ni wọ́n bí ọmọ yìí sí," ni wọ́n wí.

Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí Nicolae Iorga, àgbà òpìtàn ilẹ̀ náà, tẹ iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Nígbà tí Ròmáníà wọ Ogun Àgbáyé Kìíní ní 1916, bàbá rẹ̀ ló wà lórí àga ìjọba. Ì bá wá ibi jẹ́jẹ́ fún ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún iṣẹ́ ológun lọ́mọ ọdún 18. Wọ́n ṣe é léṣe lójú ogun ní ọdún kejì. Lẹ́yìn ogun ló lọ kàwé ní Paris. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Iași ní 1924, kò tíì pé ọdún 27.

Ọ̀sán ni a padà sí Iași. Yunifásítì wà lórí òkè Copou, wọ́n ti í pa nítorí ọjọ́ ìsinmi, a kàn jókòó sórí àga níta. Nínú ilé yẹn ni gbọ̀ngàn tí wọ́n ń pè ní Gbọ̀ngàn Ìṣísẹ̀ Tó Sọnù wà. Ibẹ̀ ni Bọ̀ọ̀dá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí wọn ò sọ fún mi rí. Wọ́n ní ní ìgbà òtútù, ẹ̀wù àwọ̀lékè ni wọ́n fi ń sùn nínú ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ní kí ilẹ̀ tó mọ́ ni àwọn arúgbó ti ń tò síwájú ilé ìtajà nítorí ẹran tí kò dájú pé yóò dé. Sìgá Kent ló ń ṣiṣẹ́ owó: ẹni tó bá fẹ́ kí dókítà tètè rí òun, páálí Kent ni yóò mú dání. Tẹlifíṣọ̀n ò ju wákàtí méjì lọ lálẹ́ ọjọ́ iṣẹ́. Taipuráítà pàápàá, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni wọ́n ti ń lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti 1983, kí wọ́n lè mọ ẹ̀rọ tó tẹ ìwé tó bá ń bú ìjọba.

"Mo ní ọ̀rẹ́ kan," ni wọ́n wí. "A jọ ń ṣe iṣẹ́ kíláàsì. Tí a bá pàdé lójú títì, kò ní kí mi. Mo rò pé nítorí àwọ̀ mi ni. Ọdún kẹta ló tó sọ fún mi pé òfin ni: ẹni tó bá bá àlejò sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ lọ ròyìn rẹ̀ kí ọjọ́ tó yípo. Ó ní òun kì í kí mi kí òun má bàa ní nǹkan tí òun máa lọ sọ fún wọn nípa mi."

Àwa méjèèjì kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Mo ní láti kọ èyí náà sílẹ̀. Brătianu olóṣèlú kò mú mi láyọ̀ tó Brătianu òpìtàn. Ní 1930 ó ya kúrò lára ẹgbẹ́ àwọn baba rẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ Liberal, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ kí Ọba Carol Kejì padà wálé. Ọba kan náà ló sì fòfin de gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú ní 1938. Ìbẹ̀rù Rọ́ṣíà mú kó fẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ súnmọ́ Jámánì. Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, ẹ̀rù náà sì padà jẹ́ òótọ́ lórí rẹ̀. Síbẹ̀, nínú Iași yìí, ní òpin oṣù Kẹfà 1941, lábẹ́ ìjọba tó bá Jámánì lọ sójú ogun, wọ́n pa àwọn Júù tó lé ní 13,000, àwọn mìíràn lójú títì, àwọn mìíràn nínú ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ti pa tí afẹ́fẹ́ ò wọlé. Òkè Copou yìí ni a jókòó sí tí mò ń rò ó. Mi ò lè sọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n Sighet kí n fo ìyẹn.

Ọjọ́ kẹta, Ajé. Nínú ọkọ̀ ojú irin

Gbogbo ọjọ́ la fi rìn. Suceava, Vatra Dornei, òkè, igbó, àgùntàn. A sọ̀kalẹ̀ ní Salva, a wọ ọkọ̀ mìíràn tó ń fà díẹ̀díẹ̀ lọ sí àríwá. Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó dé Sighet.

Mo fi àkókò náà ro ọ̀rọ̀ ìwé tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ Brătianu, èyí tó pè ní *Àdììtú kan àti iṣẹ́ ìyanu kan nínú ìtàn: àwọn ènìyàn Ròmáníà*. Olùkọ́ rẹ̀ ní Paris, Ferdinand Lot, ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Róòmù kúrò ní Dacia, ilẹ̀ tó di Ròmáníà lónìí, ní nǹkan bí ọdún 271. Fún bí ẹgbẹ̀rún ọdún lẹ́yìn náà, agbára káká ni èèyàn fi ń rí ìwé kan tó dárúkọ àwọn tó ń sọ èdè Látìnì níhà àríwá odò Danube. Àwọn kan sọ pé ibòmíràn ni wọ́n ti ṣí wá nígbà tó yá. Ọ̀rọ̀ inú ìwé nìkan kọ́ lọ̀rọ̀ náà, nítorí ẹni tí wọ́n bá sọ pé ó dé lẹ́yìn, wọ́n lè sọ pé kó kúrò. Brătianu dá olùkọ́ rẹ̀ lóhùn ní 1937, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: bí ìwé kò bá sí, ṣé àwọn ènìyàn náà ò sí ni?

Mo túmọ̀ ìbéèrè yẹn fún Bọ̀ọ̀dá. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọn ò bi ní irú rẹ̀ rí. A mọ àwọn tó dé ọ̀dọ̀ wa tí wọ́n ní nítorí pé a kò kọ ọ́ sílẹ̀, kò ṣẹlẹ̀, nígbà tí oríkì ìlú wà lẹ́nu àwọn ìyá wa, tí arọ́kin sì ń ka orúkọ ọba kọ̀ọ̀kan láìfo ọ̀kan.

Bọ̀ọ̀dá fi ẹnu ara wọn ka ọ̀rọ̀ Ròmáníà fún mi: *Dumnezeu*, Ọlọ́run, *biserică*, ilé ìsìn, *cruce*, àgbélébùú. Látìnì ni gbogbo wọn ti wá. Ẹnu ló tọ́jú wọn.

Ọjọ́ kẹrin, Ìṣẹ́gun. Sighet

Mo ti rò pé ẹ̀wọ̀n náà yóò wà lẹ́yìn ìlú. Àárín ìlú ló wà, lójú títì kan tí ilé tò sí bí ilé gbogbo. Àwọn tó ń gbé òdìkejì rẹ̀ ń sá aṣọ.

Ìjọba Húngárì ayé àtijọ́ ló kọ́ ọ ní 1897 fún àwọn ọ̀daràn. Ní òru ọjọ́ 5 mọ́jú ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún 1950, wọ́n kó àwọn tó lé ní ọgọ́rùn-ún wá síbẹ̀: àwọn tó ti jẹ́ mínísítà, ọ̀jọ̀gbọ́n, ọ̀gágun, oníròyìn, onímọ̀ ọrọ̀-ajé. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Kátólíìkì ti ìlànà Gíríìkì náà wọ ibẹ̀. Gbogbo wọn di bí igba. Wọ́n mú Sighet nítorí pé ààlà Soviet kò tó kìlómítà méjì sí i. Lórí ìwé ìjọba, wọn ò pè é ní ẹ̀wọ̀n: "Ibùdó Iṣẹ́ Dunărea" ni wọ́n pè é, bí ẹni pé ilé-iṣẹ́ etí odò kan ni.

Nínú yàrá àkọ́kọ́, àwòrán ilẹ̀ Ròmáníà wà lára ògiri, pẹ̀lú àmì níbi gbogbo tí ẹ̀wọ̀n àti àgọ́ ìfìyàjẹni wà. Bọ̀ọ̀dá wá Iași, wọ́n rí i. Wọ́n wá àwọn ìlú tí wọ́n ti lọ ṣiṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ nígbà ìsinmi, wọ́n rí àmì nítòsí wọn. Wọn ò sọ nǹkan kan.

Àjà mẹ́ta ni àwọn yàrá tò sí, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ irin tó yí wọn ká, tí ẹ̀ṣọ́ kan ṣoṣo lè fi rí gbogbo ilẹ̀kùn. Òfin tí wọ́n fi dè wọ́n kò ṣòro láti sọ: o kò gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ ní ọ̀sán, o kò gbọ́dọ̀ wo ìta. Wọ́n fi pákó bo fèrèsé débi pé sánmà nìkan ló kù fún ojú. Yàrá kò ní ohun ìmóoru, òtútù Maramureș, agbègbè Sighet yìí, sì ń jẹ egungun. Oúnjẹ kò tó. Ẹni tó bá rú òfin, wọ́n ń tì í mọ́ yàrá tí wọ́n ń pè ní "dúdú", tí ìmọ́lẹ̀ ò wọ̀.

Yàrá 9 wà nísàlẹ̀. Níbẹ̀ ni Iuliu Maniu kú sí ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì 1953. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni. Ó ti ṣe olórí ìjọba lẹ́ẹ̀mẹta. Òun ni olórí Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀ ti Orílẹ̀-èdè, ẹgbẹ́ tí àwọn kọ́múnísì bẹ̀rù jù, tí wọ́n fi fòfin dè é ní 1947, tí wọ́n sì ju òun sẹ́wọ̀n gbére.

A gun àtẹ̀gùn lọ sí 73.

Mo ti ń ro ó láti oṣù mélòó kan pé kí ni n óò ṣe tí mo bá dé ibẹ̀. Yàrá kékeré ni. Ibùsùn irin kan wà níbẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mi ò lè wọlé. Bọ̀ọ̀dá ló kọ́kọ́ wọlé. Wọ́n ṣí fìlà.

Ní ọdún 1947 ni wọ́n ti sé Brătianu mọ́lé ní Bucharest, tí wọ́n gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1948 ìjọba tún Àkádẹ́mì Ròmáníà tò, wọ́n sì pa orúkọ àwọn tó lé ní ọgọ́rùn-ún rẹ́ nínú rẹ̀. Tirẹ̀ wà lára wọn. Ní oṣù Karùn-ún 1950 wọ́n gbé e. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún mẹ́ta níbí. Kò sí ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i létí, kò sí agbẹjọ́rò, kò sí ìdájọ́. Ní oṣù Kẹrin 1953 ó kú, ẹni ọdún 55. Òpìtàn ni, ìwé ẹ̀rí ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀: ìwé àdéhùn àwọn oníṣòwò Genoa ní etí Òkun Dúdú ló fi gba oyè dókítà ní Paris ní 1929. Ọkùnrin tó lè sọ fún ọ iye tí wọ́n ta ọkà àti ẹrú ní Caffa, èbúté àwọn ará Genoa ní etí Òkun Dúdú, ní ọ̀rúndún kẹtàlá, kò rí ìwé kan ṣoṣo gbà lọ́wọ́ ìjọba tó sọ ohun tó ṣe.

Kí ló dé tí wọ́n fi bẹ̀rù rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ó ti kọ̀wé nípa Bessarabia, ilẹ̀ ìlà-oòrùn tí Rọ́ṣíà gbà ní 1812, tó tún gbà ní 1940, tó sì tún gbà ní 1944. Lẹ́yìn náà, àwọn ìwé ìtàn tuntun ti ń sọ fún àwọn ọmọ pé Rọ́ṣíà ni ó dá wọn sílẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹni tó ní ìwé ìjẹ́rìí lọ́wọ́, tó tún ní ohùn ní ilé ìgbìmọ̀, kò lè wà níta. Èrò tèmi nìyẹn, mo sì dúró lórí rẹ̀.

Níta, nínú àgbàlá, ère àwọn ènìyàn 18 wà tí wọ́n ń rìn lọ síbi ògiri. Aurel Vlad ló gbẹ́ wọn. Wọn ò ní aṣọ lára, ọwọ́ àwọn kan bo ojú, àwọn kan na ọwọ́ sókè. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni ọ̀nà kan ti sọ̀kalẹ̀ lọ sínú yàrá àdúrà abẹ́ ilẹ̀. Òkúta ni ògiri ọ̀nà náà, orúkọ tó sún mọ́ 8,000 ni wọ́n gbẹ́ sára rẹ̀, orúkọ àwọn tó kú nínú ẹ̀wọ̀n kọ́múnísì káàkiri Ròmáníà. Bọ̀ọ̀dá fi ìka tọ wọn títí tí wọ́n fi kan *Brătianu*. Kì í ṣe ẹyọ kan. Àbúrò bàbá mi kan, ìyẹn Dinu, àbúrò bàbá Gheorghe, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ Liberal, kú ní Sighet yìí náà ní 1950.

Mo kọ "àbúrò bàbá mi" sókè yẹn láìmọ̀. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọjọ́ yìí fi mí ṣe nìyẹn.

Ẹni tó dá ilé ìrántí yìí sílẹ̀ ni akéwì Ana Blandiana àti ọkọ rẹ̀ Romulus Rusan. 1993 ni wọ́n mú àbá rẹ̀ lọ síwájú Ìgbìmọ̀ Ilẹ̀ Yúróòpù. Ilé náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wó nígbà náà.

Nírọ̀lẹ́ a rìn kọjá ilé tí Elie Wiesel, òǹkọ̀wé Júù nì, dàgbà sí. Sighet ni wọ́n ti bí i ní 1928. Ní oṣù Karùn-ún 1944 ni wọ́n kó àwọn Júù ìlú yìí lọ sí Auschwitz, àgọ́ ìpànìyàn àwọn Jámánì. Ọdún mẹ́fà péré lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ àwọn ẹlẹ́wọ̀n dé. Ìlú kékeré tí èèyàn lè rìn já láàárín wákàtí kan.

Ọjọ́ karùn-ún, Ọjọ́rú. Itẹ́ Àwọn Aláìní, àti Săpânța

Àwọn tó kú nínú ẹ̀wọ̀n Sighet láàárín 1950 sí 1955 lé ní àádọ́ta. Òru ni wọ́n ń kó wọn jáde. Wọn ò sọ fún ìyàwó, wọn ò sọ fún ọmọ. Ibi tí wọ́n ń kó wọn lọ ni Cimitirul Săracilor, itẹ́ àwọn aláìní, lẹ́yìn ìlú lójú ọ̀nà ààlà. Kò sí àmì lórí ibojì kankan.

Pápá ni. Koríko gùn. Àwọn tó ń tọ́jú ilé ìrántí ti gbin igi síbẹ̀ ní ìrísí ààlà ilẹ̀ Ròmáníà, tó fi jẹ́ pé tí o bá gun ibi gíga tí wọ́n ṣe síbẹ̀, o máa rí orílẹ̀-èdè kan tí wọ́n fi igi yà sórí ilẹ̀, àwọn òkú rẹ̀ sì wà níbì kan nínú rẹ̀. Mo gun un. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ìhà Ukraine.

Bọ̀ọ̀dá ò gòkè. Wọ́n dúró nínú koríko, wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, mo gbọ́ pé Yorùbá ni: "Ẹ máa sùn re. Ẹ má ṣe bínú pé a pẹ́."

Ọ̀sán ni a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Săpânța, bíi kìlómítà méjìdínlógún. Ibẹ̀ ni itẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ wà, tí àgbélébùú igi aláwọ̀ búlúù kún. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan, Stan Ioan Pătraș, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1935, ó sì ń gbẹ́ wọn títí tó fi kú ní 1977. Lórí àgbélébùú kọ̀ọ̀kan ni àwòrán olóògbé wà níbi iṣẹ́ rẹ̀: ẹnìkan ń hun aṣọ, ẹnìkan ń tọ́ àgùntàn, ẹnìkan di ìgò ọtí mú. Lábẹ́ àwòrán ni ewì wà, olóògbé fúnra rẹ̀ ló sì ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀: èmi lágbájá rè é, báyìí ni mo ṣe gbé ayé, ohun tí mo fẹ́ràn nìyí, ohun tó pa mí nìyí.

Bọ̀ọ̀dá ń kà wọ́n, wọ́n ń túmọ̀. Mo jókòó. Bíi kí ẹnìkan kọ oríkì àti ẹkún ìyàwó papọ̀ sórí pákó kan. Ìdárò ni, àmọ́ èèyàn á rí gbogbo ayé ẹni náà nínú rẹ̀, àbùkù rẹ̀ pẹ̀lú ìwà rere rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ, ìyá àgbà, ọmọ tí ọkọ̀ pa: kò sí ẹni tó kéré jù láti sọ̀rọ̀.

Ẹ wo bí ọ̀nà ṣe jìn sí ara wọn: kìlómítà méjìdínlógún. Ní 1953, Pătraș wà nínú abúlé yìí tó ń gbẹ́ orúkọ àwọn darandaran sára igi kí wọ́n má bàa gbàgbé wọn. Ní 1953 kan náà, wọ́n ń gbé ọ̀kan nínú àwọn òpìtàn tó mọ̀ jù ní Yúróòpù gba ojú títì Sighet kọjá lóru, kí ẹnikẹ́ni má bàa rántí. Mo sọ ọ́ fún Bọ̀ọ̀dá. Wọ́n ní, "Kí ni Pătraș ì bá kọ sórí tiẹ̀?" A gbìyànjú rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, a ò rí i parí.

Ọjọ́ kẹfà, Ọjọ́bọ̀. Cluj

Bọ́ọ̀sì, wákàtí púpọ̀, òjò. Ọ̀sán kan péré ni a ní ní Cluj, obìnrin kan ló sì gbé mi wá síbẹ̀.

Doina Cornea ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní èdè Faransé ní yunifásítì níbí. Ní 1982 ó kọ lẹ́tà kan, wọ́n sì kà á lórí Rédíò Free Europe, rédíò tí ìdajì ilẹ̀ náà ń gbọ́ ní bòókẹ́lẹ́ lóru. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́ ní 1983. Ní oṣù Kọkànlá 1987, àwọn òṣìṣẹ́ Brașov jáde sí títì nítorí owó oṣù àti oúnjẹ. Òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin pín ìwé pélébé ní Cluj láti dúró tì wọ́n. Wọ́n tì í mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ní 1988 ó tún kọ lẹ́tà sí Ceaușescu lórí ètò tí wọ́n fẹ́ fi wó àwọn abúlé. Wọ́n fi ọlọ́pàá sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ títí di oṣù Kejìlá 1989, tí ìjọba fi wó.

"Mo gbọ́ orúkọ tirẹ̀," ni Bọ̀ọ̀dá sọ. "Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n ń dárúkọ rẹ̀ nínú ilé wa. Ẹnìkan á sọ pé 'obìnrin Cluj yẹn', gbogbo wa á sì mọ̀."

Wọ́n fi í sínú ìgbìmọ̀ ìjọba tuntun, ṣùgbọ́n ó kúrò níbẹ̀ ní oṣù Kìíní 1990 nígbà tó rí i pé àwọn ojú àtijọ́ ti ń padà. Ọdún 2018 ló kú. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun dìde kúrò lórí àga.

Ọjọ́ keje, Ẹtì. Bucharest

Inú ọkọ̀ ojú irin la sùn. A fi ẹrù sílẹ̀ ní ibùdókọ̀, a sì rìn lọ sí Gbàgede Ìyípadà, níbi tí balùkóní tí Ceaușescu ti sọ̀rọ̀ ìkẹyìn ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá 1989 wà. Ọjọ́ kejì, hẹlikópítà gbé e kúrò lórí òrùlé ilé kan náà.

Ohun tí mo wá wò wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé ìsìn Kretzulescu: ère Corneliu Coposu. Akọ̀wé Maniu ni. Wọ́n mú un ní oṣù Keje 1947, wọn ò tú u sílẹ̀ títí di 1964, ọdún mẹ́tàdínlógún. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ló fi dá wà ní Râmnicu Sărat, ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ń pè ní ẹ̀wọ̀n ìdákẹ́rọ́rọ́, níbi tí kò ti rí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Nígbà tó jáde, ọ̀rọ̀ ṣòro fún un láti sọ. Ó ní láti tún un kọ́. Wọ́n ti ìyàwó rẹ̀ Arlette náà mọ́ ẹ̀wọ̀n fún ọdún mẹ́rìnlá, kò sì pẹ́ láyé lẹ́yìn tó jáde.

Ẹni yìí ló gbé ẹgbẹ́ Maniu dìde padà kété tí Ceaușescu ṣubú. Ní òpin oṣù Kìíní 1990, ogunlọ́gọ̀ yí ilé ẹgbẹ́ náà ká tí wọ́n ń kígbe ikú mọ́ ọn, ọkọ̀ ológun ni wọ́n fi gbé e jáde. Kò sá lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Ó kó àwọn ẹgbẹ́ alátakò jọ sábẹ́ àjọṣe kan, ó di sẹ́nétọ̀ ní 1992. Ó kú ní oṣù Kọkànlá 1995. Ní oṣù Kọkànlá 1996, ọdún kan gééré, àjọṣe tó kó jọ wọlé ìbò. Ohun tó mú kí n so òun àti Brătianu pọ̀ nìyí: ohun tí wọ́n ṣe ní Sighet, ohun tó yẹ kó di àwátì ni. Coposu jáde pẹ̀lú orúkọ gbogbo wọn nínú orí rẹ̀, ó sì ń dárúkọ wọn nílé ìgbìmọ̀.

Ẹnìkan ti fi òdòdó titun síwájú ère náà. Òjò àná ṣì wà lára ewé rẹ̀.

A rìn dé ìdí yunifásítì, níbi tí àwọn tó ń ta ìwé àlòkù tẹ́ ọjà sí. Bọ̀ọ̀dá ń yẹ ìwé wò, ojú mi wà lára aago nítorí bàálù. Wọ́n bá fa ìdìpọ̀ méjì jáde tí òwú so pọ̀. Ìwé Brătianu lórí Òkun Dúdú ni, iṣẹ́ tí kò rí parí kí wọ́n tó gbé e. Ní Munich ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1969, ní èdè Faransé. Èyí jẹ́ ìtumọ̀ sí èdè Ròmáníà. Bọ̀ọ̀dá ṣí ojú ewé tí ọdún ìtẹ̀jáde wà.

1988.

Wọ́n wo ó pẹ́. "Ọdún tí mo ń palẹ̀ ẹrù mọ́," ni wọ́n wí. "Ó ti wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo lè ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójú fèrèsé."

Wọn ò dúnàá-dúrà. Wọ́n san iye tí ẹni náà pè, wọ́n sì gbé ìwé méjèèjì sábẹ́ apá títí dé pápákọ̀ òfurufú. Ní Otopeni, bí a ṣe jókòó, wọ́n tú òwú náà, wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà ní èdè Ròmáníà, tí wọ́n á dúró, tí wọ́n á wá ọ̀rọ̀, tí wọ́n á wá sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá. Ojú ewé kẹta la dé kí wọ́n tó pe bàálù wa.